Ìwádìí Ìdílé Igi Méjì

Ọdún tí ìjì wó igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni Ìyá Ìjọ wa náà kú. Ìjì kọ́ ló pa á o. Ọjọ́ ogbó ló pa á, a sì sin ín tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè méjì ṣe ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn: ọ̀kan níta, níbi tí a ti máa ń gba ìbòòji lẹ́yìn ìsìn, èkejì nínú ilé, níwájú pátápátá, lórí àga onítìmùtìmù tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó sí.

Ìjọ Áńgílíkà kékeré ni tiwa, lójú ọ̀nà tó ti Òsì lọ sí Ìdó. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn olùkọ́ díẹ̀, àti àwọn tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n padà wálé láti ìlú ńlá. Ìjọ lè kéré, oyè inú rẹ̀ kì í kéré. Obìnrin méjì ló ń fẹ́ àga yẹn.

Èkíní ni Felicia, Ìyá Tòkunbọ̀. Kàdúná ni òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó bímọ púpọ̀, gbogbo wọn ló kàwé, gbogbo wọn ló sì wà lókè òkun. Òun ni Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin, Ìyá Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Àdúgbò, àti Ìyá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní bọ́ọ̀lù.

Èkejì ni Àǹtí Beatrice, aránṣọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Èmi pè é ní Àǹtí, àwọn ọmọ mi pè é ní Àǹtí, àwọn ọmọ-ọmọ mi náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe obìnrin. Ìyá Máyọ̀wá ni èmi; ẹni tó bá pe orúkọ àbísọ mi lójú ọjà, ó ṣeé ṣe kí n má dáhùn. Àǹtí Beatrice kò bímọ. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. A kàn ń pè é ní Àǹtí, a rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ kan tí mo lọ gba búláòsì mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè wò mí.

"Ìyá Máyọ̀wá, mo fẹ́ oyè yẹn."

"Oyè wo, Àǹtí?"

"Wò ó, o tún pè mí bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí mo bá kú lónìí, kí ni wọn yóò kọ sára pósítà mi? Wọn yóò kọ 'Àǹtí rere lọ'? Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyá kí n tó kú. Ìyá Ìjọ. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọjọ́ tí mo lóyún ìjọ."

Mo mú búláòsì mi, mo jáde, n kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé apá rẹ̀ há jù.

Fíkà wa nígbà náà ni Adéoyè, ẹni jẹ́jẹ́ tó bẹ̀rù ìjà obìnrin ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Bó bá mú Ìyá Tòkunbọ̀, àwọn obìnrin tí Beatrice ń ránṣọ fún yóò bínú, ìyẹn ni pé gbogbo obìnrin ìjọ. Bó bá mú Beatrice, àwọn ọmọ Ìyá Tòkunbọ̀ tó ṣèlérí òrùlé tuntun lè gbàgbé ìlérí wọn. Ó gbàdúrà sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó kéde pé:

"Ẹ̀yin ìyá wa méjèèjì, kí kálukú yín mú igi kan wá tí a ó gbìn sójú ibi tí máńgòrò wà. Igi tí ìjọ bá mú, ẹni tó mú un wá ni Olúwa yàn."

A ṣe àmín. Ó dà bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jiyàn pẹ̀lú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Tòkunbọ̀ gbé igi tirẹ̀ dé nínú korobá funfun tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́.

"Fìlámúbọ́yáǹtì nìyí," ó wí. "Ní Kàdúná, òun ló wà lójú ọ̀nà gbogbo ilé àwọn ọ̀gá. Bó bá tanná, gbogbo orí rẹ̀ a pupa fòò. Ó máa ń tẹ́ bí agbòjò. Ẹ wò ó, ewé rẹ̀ rí wínníwínní bí ìyẹ́ ẹyẹ."

Àǹtí Beatrice gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi.

"Òrúrù ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti wà nínú igbó wa kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Òdòdó tirẹ̀ náà pupa, ó rí bí ife tí ó dojú kọ ọ̀run."

Bí Fíkà ti rí i pé igi méjèèjì pupa, ó mọ̀ pé Olúwa kò tíì sọ̀rọ̀. Ó yan ìgbìmọ̀. Ẹni mẹ́ta ni wá: Bàbá Ìbíkúnlé, Bàbá Ìjọ, ni alága, Ọ̀gbẹ́ni Olúkáyọ̀dé tó ń tẹ dùùrù, àti èmi. Wọ́n fi mí sí i nítorí pé ọ̀rẹ́ àwọn obìnrin méjèèjì ni mí, ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì ni yóò bá mi jà.

Ó yẹ kí ẹ mọ Bàbá Ìbíkúnlé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ìyàwó láti Òsì títí dé Ọ̀tùn, òun ni wọ́n máa ń rán kó lọ wádìí ìdílé ọmọ náà. Ó mọ ilé tí wárápá wà, ó mọ ilé olè, ó mọ ilé tí obìnrin kì í ti í pẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ. Ó ti tú ìgbéyàwó ká ju èyí tó so pọ̀ lọ, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé wa àkọ́kọ́ kò pẹ́.

"Ohun tó kù kò ju ìwádìí ìdílé lọ," ni Bàbá wí.

"Ìdílé ta ni, Bàbá?" Olúkáyọ̀dé béèrè.

"Ìdílé igi! Ṣé o lè mú ohun tí o kò mọ ilé rẹ̀ wá síwájú ilé Ọlọ́run? Bó bá jẹ́ wèrè ńkọ́?"

"Igi kì í ya wèrè, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa ọmọ Ajíbọ́lá, kó tó wọ ọjà lọ níhòòhò."

A bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. A kọ́kọ́ lọ wo fìlámúbọ́yáǹtì ńlá kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ìdó. Igi náà lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ìbòòji rẹ̀ gba kíláàsì méjì. Bàbá Ìbíkúnlé ṣí fìlà fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ohùn tó fi ń wádìí ọmọge béèrè pé:

"Ìwà rẹ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Ìwà igi, sà?"

"Ẹ má bò ó. Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé."

Obìnrin náà nawọ́ sí ògiri. "Gbòǹgbò rẹ̀ ti gbé ògiri wa sókè. Ẹ wò ó bó ṣe là. Àwọn ewé wínníwínní yẹn, bí wọ́n bá wọ inú iyanrìn, ìgbálẹ̀ kò lè kó wọn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an tí oòrùn bá mú, ó máa ń wọ́ ewé, kì í sí ìbòòji. Ṣùgbọ́n ó lẹ́wà, sà."

Nígbà tí a jáde, Bàbá mi orí. "Ó ń wó ògiri ọkọ, ó sì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ nígbà ìṣòro. Mo mọ irú wọn. Gbogbo wọn ló máa ń lẹ́wà."

Láti ibẹ̀, a lọ wo òrúrù ní ẹ̀yìn oko ọkùnrin kan ní Ààyè. Ó rò pé oníbàárà ni wá.

"Ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣé uṣu lẹ fẹ́ rà?"

"Rárá o. Òrúrù yìí la wá bi ọ́ léèrè. Ìwà rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo igi, ó wo wa, ó tún wo igi. "Ó ga. Atẹ́gùn kékeré, ẹ̀ka rẹ̀ á dá. Òdòdó rẹ̀ bó bá jábọ́, a máa yọ̀ bí ilá; ìyá mi yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀ lọ́dún kan. Kò ṣeé fi dáná, kì í ràn."

"Kí lo wá fi í sílẹ̀ fún?"

"Èmi kọ́ ni mo fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá gé e, á tún hù. Ẹ ṣáà máa lọ sílé o, bí ẹ ò bá ra uṣu."

Olúkáyọ̀dé ní ó ṣe kedere pé òrúrù kò ṣeé gbà. Mo ní fìlámúbọ́yáǹtì náà kò ṣeé gbà. Bàbá ní a kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹbí.

Ìdí nìyẹn tí a fi pe Dókítà Akínbọ̀dé. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, ó sì máa ń wá jọ́sìn lọ́dọ̀ wa bí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́. Gbogbo ìjọ ló pé jọ. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn lára ògiri wá, ṣùgbọ́n bó ṣe so ó mọ́ iná báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Ó ní kò burú, òun yóò fi ẹnu sọ ọ́.

"Àwọ̀ pupa yìí ló ń tàn yín jẹ," ó bẹ̀rẹ̀. "Igi méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá. Ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá."

Bàbá Ìbíkúnlé fò dìde. "Ìdílé! Ẹ gbọ́ ọ bí? Ẹnu ọ̀mọ̀wé ló ti jáde o!"

"Bàbá, ìdílé tí mò ń wí yìí kì í ṣe—"

"Má ṣàlàyé, ọmọ mi. Dárúkọ àwọn ẹbí."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Òrúrù àti akòko, ìdílé kan náà ni wọ́n."

Ilé dàrú. Ta ni kò mọ akòko? Òun ni ewé tí wọ́n máa ń fi sórí ẹni tó bá joyè. Àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ Beatrice pàtẹ́wọ́: "Ọmọ ọba! Ìdílé olóyè!" Àwọn ti Ìyá Tòkunbọ̀ náà pariwo: "Ewé àwọn abọ̀rìṣà! Níwájú pẹpẹ? Ẹ̀yin Fíkà, ẹ sọ̀rọ̀!" Fíkà ń wo bàtà rẹ̀.

"Ó kù," ni Bàbá wí. "Ta tún ni ẹbí rẹ̀?"

"Pàǹdòrò, igi tí èso rẹ̀ gùn gbọọrọ."

Àwọn obìnrin fi gèlè bo ẹnu. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ń wá lọ sídìí pàǹdòrò, kò sì ṣeé sọ nínú ilé Ọlọ́run. Bàbá Ìbíkúnlé mi orí bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

"Fìlámúbọ́yáǹtì ńkọ́?"

"Erékùṣù Madagásíkà ló ti wá, lójú òkun lọ́hùn-ún. Ìdílé ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, ẹbí rẹ̀ ni gbogbo wọn."

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Ìyá Tòkunbọ̀, igi mọ́ínmọ́ín lẹ gbé wá!"

"Ṣé ẹ̀yin kì í jẹ mọ́ínmọ́ín ni?" Ìyá Tòkunbọ̀ dá a lóhùn. "Ìdílé tó ń bọ́ ayé ni. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí ẹni tó fi akòko jẹ ẹ̀kọ rí."

"Ó kù díẹ̀," ni Dókítà wí, nítorí pé olóòótọ́ èèyàn ni. "Wèrèpè náà wà nínú ìdílé yìí."

Bàbá Ìbíkúnlé rọra béèrè: "Wèrèpè tó ń yún èèyàn?"

"Òun náà ni, sà."

Bàbá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà ní ẹ̀wọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n wèrèpè ti dun Ìyá Tòkunbọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù níwájú èèyàn. Ó dìde, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ sábẹ́ apá.

"Ó dáa. Tèmi ní wèrèpè. Ṣùgbọ́n ó ń so. Kí gbogbo yín lọ wo abẹ́ fìlámúbọ́yáǹtì, ẹ ó rí èso tó gùn bí idà. Òrúrù yín ńkọ́? Òdòdó rẹpẹtẹ, àfẹ́fẹ́ ló ń kó ìwọ̀nba hóró tó ní lọ. Igi tí kò ní ohun tí ó lè nawọ́ sí pé ọmọ mi rèé, kí la fẹ́ pè é?"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Àǹtí Beatrice, a sì tètè tún yí ojú náà padà, èyí tó burú ju wíwò lọ. Mo rò pé yóò jáde. Kò jáde. Kò tilẹ̀ dìde.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Tòkunbọ̀," ó wí. "Tiyín ń so, èso gbígbẹ rẹ̀ sì ń pariwo lórí igi láti ọdún dé ọdún. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló wá bá yín jẹun ní Kérésì?"

Ìyá Tòkunbọ̀ jókòó. Kò sí èyí tó wá nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo gbé ìrẹsì lọ bá a, òun nìkan ló jókòó sí tábìlì ńlá yẹn pẹ̀lú fóònù mẹ́ta. Fíkà dá orin kan sílẹ̀ kíákíá láti fi bo ọ̀rọ̀ náà. Orin ìsìnkú ló bọ́ sí i lẹ́nu, a sì bá a kọ ọ́ tán.

Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún Beatrice pé ó ti le jù. Ó ní, "Mo mọ̀. Omi tó dànù ni." Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì rọ̀ ọ́ kó tọrọ rẹ̀, torí pé nínú mi lọ́hùn-ún, ó dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jábọ̀. A ní ìdílé méjèèjì ní àléébù, a kò sì lè gba ìjọ nímọ̀ràn láti mú èyíkéyìí. Bàbá Ìbíkúnlé dábàá pé kí a tún ìwádìí ṣe dé Madagásíkà. Olúkáyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ìwé ìrìnnà.

Ìkórè ló gbà wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Joy, ọmọ ìlú wa tó ń gbé Àbújá, gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá wá fún ìjọ. Jẹnẹrétọ̀ nílò ilé. Ibi tó dára jù láti kọ́ ilé rẹ̀ sí ni ojú ibi tí máńgòrò wà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Fíkà kéde Joy ní Ìyá Ìjọ. Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn tí wọ́n ti di ìyá àgbà kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n kun ilé jẹnẹrétọ̀ ní àwọ̀ ewé, Fíkà sì ní àwọ̀ náà ń rán wa létí igi. Ó kó korobá àti ọ̀rá padà fún àwọn tó ni wọ́n, ó sì ṣàdúrà fún àlàáfíà.

Ìyá Tòkunbọ̀ gbin tirẹ̀ sẹ́nu géètì rẹ̀. Beatrice gbin tirẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ní oríta. Lójoojúmọ́ ló ń bomi rin ín pẹ̀lú omi tó fi fọ abọ́, ó sì ń bú u bí kò bá tètè dàgbà. Ọdún bíi mélòó kan kọjá. Òrúrù yára, ó ga ju òrùlé lọ, ó tanná. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí já ìrudi rẹ̀, wọ́n ń tẹ omi inú rẹ̀ síra wọn lójú. Láti òkè oko, èèyàn lè rí pupa rẹ̀ kó tó rí ìlú.

Kò sí ẹni tó jókòó pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ọlọ́kadà ni. Wọn kò mọ Àǹtí kankan. Igi ni wọ́n mọ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọ̀kan já obìnrin kan tó ti Ọ̀tùn wá sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," obìnrin náà wí, "wọ́n ní kí n béèrè Ìyá Òrúrù."

Beatrice bojú wẹ̀yìn, bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Èmi ni," ó wí.

Ó wọn ìbàdí obìnrin náà, ó gbàgbé iye rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó tún gbàgbé. Obìnrin náà ní bóyá òun ti sanra ni.

Kó tó di Kérésì, ẹnu gbogbo ìlú ti mọ́ ọn: Ìyá Òrúrù. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Tòkunbọ̀ gbọ́, oyè tuntun kan sì nìyẹn tí òun kò ní. Ó pe àwọn ọlọ́kadà, ó fún wọn ní ohun mímu tútù, ó ní Ìyá Fìlámúbọ́yáǹtì ni kí wọ́n máa pe òun, torí igi tòun náà ti tanná. Wọ́n gbìyànjú. Lórí ọ̀kadà tó ń sáré, orúkọ yẹn kì í parí kí wọ́n tó kọjá ilé rẹ̀. Wọ́n gé e kù. Ìyá Fìlà ni wọ́n ń pè é báyìí, àwọn àlejò kan sì ti wá béèrè bóyá ó ní aláwọ̀ aró.

Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn dé láti Àbújá pé Joy ti lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn tí kò nílò jẹnẹrétọ̀. Àga ṣófo. Fíkà tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa lọ bá Beatrice ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ni ìjọ fẹ́.

Beatrice ń gé aṣọ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, Fíkà. Mo ti fẹ́ ẹ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè mí ní ìyá láti ibí títí dé Ọ̀tùn, bí mo bá tún gba kan sí i, ojúkòkòrò ni. Ẹ lọ fún Ìyá Tòkunbọ̀. Ilé yẹn tóbi jù fún un láti dá gbé."

Fíkà lọ. Ìyá Tòkunbọ̀ bi í pé, "Ṣé wọ́n ti fi lọ Beatrice?" Fíkà kò lè purọ́. "Ohun tí Beatrice kọ̀, ni ẹ gbé wá fún èmi?" Ó ti géètì.

Ní ọjọ́ kejì, mo rí Ìyá Tòkunbọ̀ tó ń rìn lọ sí oríta. Aṣọ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìjà wọn ló ti ń gbé aṣọ rẹ̀ lọ rán ní Ìdó. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ kí n tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, Beatrice ń wọn ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ Bàbá Ìbíkúnlé láìdáa.

Àga náà ṣì wà níwájú lófo. Ìwé orin ni a ń tò sórí rẹ̀. Bàbá Ìbíkúnlé ní kò bójú mu, kí a tún gbé ìgbìmọ̀ dìde. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi orúkọ mi sí i.